Kí Ọmọ Ẹdẹ Kọ́kọ́ Mọ Ẹdẹ

Bí ènìyàn bá ṣí ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé, yóò rí ìlú méjì tí a ń fi lẹ́tà mẹ́ta kan náà kọ orúkọ wọn. Ọ̀kan ni Ẹdẹ tiwa, ìlú Tìmì, tí ó wà létí odò Ọ̀ṣun ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Èkejì ni Ede tí ó wà ní ilẹ̀ Họ́lándì, lókè òkun. Wọn kò bá ara wọn tan, ará ọ̀kan kò sì gbọ́ èdè èkejì. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí ẹ̀kọ́ kan kọ́ tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ti òkèèrè. Ede ti Họ́lándì kò sí létí òkun, kò sì ní òkè tí ó ga fíofío. Igbó àti pápá gbalasa ni ó yí i ká, níbi tí ewéko kan tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí àlùkò ti ń tanná ní oṣù kẹjọ ọdún, tí agbo àgùntàn sì ń jẹ̀ kiri. Abúlé Otterlo wà lábẹ́ àkóso ìlú náà, ibẹ̀ sì ni igbó àtọ́jú kan wà tí a ń pè ní Hoge Veluwe, tí ó ju hẹ́kítà 5,000 lọ. Igbó náà kò ṣàdédé di ibi àríwò. Tọkọtaya ọlọ́rọ̀ kan, Anton Kröller àti Helene Kröller-Müller, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ra ilẹ̀ náà ní 1909. Nígbà tí òwò wọn dẹnu kọlẹ̀, wọn ìbá ti gé e sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n sì tà á. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1935, wọ́n fi ilẹ̀ náà sí abẹ́ àjọ kan tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì fi àwọn àwòrán iyebíye tí wọ́n ti kó jọ ta orílẹ̀-èdè wọn lọ́rẹ, pẹ̀lú àdéhùn pé kí ìjọba kọ́ ilé fún un. A ṣí ilé náà ní 1938. Lónìí, àwòrán tí Vincent van Gogh fi ọ̀dà kùn tí ó wà níbẹ̀ kù díẹ̀ kí ó pé 90, àlejò tí ó bá sì wọ inú igbó náà lè gun kẹ̀kẹ́ funfun yí i ká láìsan owó kẹ̀kẹ́.

N kò sọ èyí láti fi ilẹ̀ òyìnbó tẹ́ńbẹ́lú tiwa. Ohun tí mo ń fà yọ ni pé ẹwà ibẹ̀ kò tọ́jú ara rẹ̀: ènìyàn ni ó pinnu pé kò ní bàjẹ́. Nígbà tí mo bá sì wo Ẹdẹ tiwa, mo rí i pé ohun tí a ní kò kéré rárá. Ìpinnu ni ó kù. Èrò mi ni pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ àlejò ni ìpinnu náà yóò ti bẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe ọ̀dọ̀ ọmọ ìlú. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ wo Ẹdẹ-Ilé, níbi tí ìlú náà kọ́kọ́ tẹ̀dó sí kí ó tó ṣí wá sí ibi tí ó wà nísinsìnyí. Ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé Aláàfin Kòrí ni ó rán Tìmì Àgbàlé, ọdẹ àti jagunjagun, pé kí ó lọ jókòó síbẹ̀ kí ó lè máa ṣọ́ ọ̀nà fún àwọn oníṣòwò. Ọfà tí ń gbé iná lọ ni wọ́n ní ó fi ń jagun, ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní Ọlọ́fà-Iná. Ìtàn mìíràn so Tìmì àti Gbọ̀nkáà mọ́ Ṣàngó. Èyí ni Dúró Ládiípọ̀ gbé sórí ìtàgé nínú eré Ọba Kò So, tí wọ́n sì ṣe é dé Berlin ní ilẹ̀ Jámánì ní 1964.

Kì í ṣe ìtàn ẹnu nìkan ni ó jẹ́rìí sí Ẹdẹ-Ilé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Ògúndìran àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ti wa ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì rí egungun ẹṣin, owó ẹyọ, àti àfọ́kù ìkòkò tí a mọ bí àwọn ará Ọ̀yọ́ ti í mọ ọ́n. Àwọn igi oṣè ńláńlá tí ó wà níbẹ̀ pàápàá jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilé oṣè, kì í ṣe inú igbó. Nítorí náà àwọn onímọ̀ gbà pé àwọn ará Ọ̀yọ́ ni ó mú un wá síbẹ̀. Bí ẹnìkan bá gé irú igi bẹ́ẹ̀ lulẹ̀ nítorí igi ìdáná, ìwé ìtàn ni ó fà ya, kò sì sí ẹni tí ó lè tún un kọ.

Ẹ wo omi Ẹdẹ pẹ̀lú. Odò Ẹ̀rìnlẹ̀, tí ó ń ṣàn lọ dà sínú Ọ̀ṣun, ni a sé nítòsí ìlú tí ó fi di adágún ńlá, láti inú rẹ̀ ni a sì ti ń fa omi fún Ẹdẹ àti Òṣogbo. Ibẹ̀ tutù, ó sì dùn ún wò ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn apẹja bá ń wa ọkọ̀ wọn bọ̀. Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀ Èkìtì wá, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, ó kan Òṣogbo kí ó tó kan Ẹdẹ. Ṣùgbọ́n ní ọdún àìpẹ́ yìí, ìwakùsà wúrà ní agbègbè Iléṣà ti da omi náà rú, ó sì ti pọ́n bí omi amọ̀. Ẹni tí ó wà lókè odò ni ó ń da á rú, ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó ń jìyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti olórìṣà nìkan, nítorí ẹja kò mọ ẹ̀sìn, òùngbẹ kò sì mọ̀ ọ́n.

Bí a bá wá kúrò létí omi tí a wọ inú ìlú, a ó bá ìlù pàdé. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jọba láti 1946 títí di 1975, jẹ́ ọba tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, tí ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá fún àwọn ọ̀mọ̀wé kà. Ní ìgbà ayé rẹ̀ ni Ulli Beier kọ ìwé kan, tí a tẹ̀ ní 1959, lórí àwọn ọdún ìbílẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ní Ẹdẹ láàrin ọdún kan ṣoṣo. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣàpèjúwe ọdún Ọbàtálá, nígbà tí Ajagẹmọ, olórí àwọn àwòrò òrìṣà náà, yóò bá ẹlòmíràn jà, tí wọn yóò ṣẹ́gun rẹ̀, tí wọn yóò gbé e lọ bí ẹrú, tí ọba yóò sì rà á padà. Ẹ̀kọ́ sùúrù àti ìwà pẹ̀lẹ́ ni eré náà ń fi hàn, kò sì sí ẹ̀kọ́ tí ó sàn ju èyí lọ fún ọmọ ènìyàn.

Ní Ẹdẹ yìí kan náà, lọ́dọ̀ Ajagẹmọ, ni Susanne Wenger, ayàwòrán ará Austria, ti kọ́ nípa òrìṣà ní nǹkan bí 1950 sí i, kí ó tó lọ sí Òṣogbo láti tún igbó Ọ̀ṣun ṣe. Ìjọba àpapọ̀ sọ igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ogún gbogbo ayé ní 2005. Ẹdẹ ni irúgbìn náà ti gbọlẹ̀. Òṣogbo tọ́jú rẹ̀, ó sì kórè. Òṣogbo kò ja Ẹdẹ lólè. Ó kàn mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Láìpẹ́ yìí, mo pàdé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama díẹ̀ lẹ́bàá ọjà ní Ẹdẹ. Mo bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀nà wo ni mo lè gbà dé Ẹdẹ-Ilé?” Wọ́n wo ojú ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú, ṣé kì í ṣe Ẹdẹ náà nìyí?” Mo wá bi wọ́n nípa Dubai. Gbogbo wọn ni ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì dárúkọ ilé gíga tí ó wà níbẹ̀. N kò bá wọn wí, nítorí ọmọ kì í mọ ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò mú un rìn rí. Àwa àgbà ni mo bá wí nínú ọkàn mi.

Àwọn kan yóò sọ pé, “Onígbàgbọ́ ni wá,” tàbí “Mùsùlùmí ni wá, kí ni ó kàn wá nínú ohun abọ̀rìṣà?” Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí-ọkàn wọn, ṣùgbọ́n mímọ nǹkan kì í ṣe bíbọ rẹ̀. Tìmì Hàbíbù Lágùnjú, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wà lára àwọn ọba Yorùbá tí ó kọ́kọ́ jẹ́ Mùsùlùmí. Kristẹni ni Tìmì Láoyè tí ó ń lu dùndún. Ní 2017, àwọn ọ̀mọ̀wé tẹ ìwé kan jáde lórí bí Mùsùlùmí, Kristẹni àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ti ń bá ara wọn gbé ní Ẹdẹ. Ìrẹ́pọ̀ yìí pàápàá wà lára ohun tí ó yẹ kí a fi han àlejò, ó sì ṣọ̀wọ́n ní ayé òde òní ju ilé gíga lọ.

Àwọn mìíràn yóò ní, “Ẹ fún wa ní ọ̀nà àti omi ná, ìgbafẹ́ lè dúró.” Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, nítorí ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá já fún kí Ọ̀ṣun mọ́, omi ni ó ń jà fún. Ẹni tí ó bá tún ọ̀nà Ẹdẹ-Ilé ṣe, àgbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbà á kó iṣu wá sọ́jà, kí àlejò tó gbà á.

Kí ni ó yẹ kí a ṣe, nígbà náà? Kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní Ẹdẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹsẹ̀ ara wọn dé ibi kan: Ẹdẹ-Ilé ní ọdún yìí, adágún Ẹ̀rìnlẹ̀ ní èyí tí ń bọ̀, ààfin Tìmì ní ẹ̀yìn náà. Kí a dá àwọn igi oṣè sí, kí òfin ìlú sì dáàbò bò wọ́n. Kí a gba ohùn àwọn àgbà onílù sílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì le. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga mẹ́ta wà ní Ẹdẹ: Federal Polytechnic, Redeemer's University àti Adeleke University. Ọmọ gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó kún inú wọn. Àwọn ni àlejò tí a kò ní láti ránṣẹ́ pè. Bí ọmọ Ẹdẹ kan bá lè mú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé abẹ́ igi oṣè kan kí ó sì sọ ìtàn rẹ̀ láìṣìsọ, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ìlú yín kò tòṣì. Tọkọtaya kan péré ni ó kọ̀ pé kí pápá Ede ti Họ́lándì má ṣe fọ́nká, ó sì wà títí dòní. Nígbà tí ẹ bá jáde ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ béèrè ọ̀nà Ẹdẹ-Ilé lọ́wọ́ bàbá yín àgbà. Bí kò bá lè rìn mọ́, kí ó fi ọwọ́ júwe rẹ̀. Kí ẹ̀yin sì rìn ín kí ọ̀nà náà tó dí.