Ouagadougou: Báwo ni jíjẹ, mímu àti ìgbafẹ́ ṣe di ọ̀rọ̀ òṣèlú ní ìlú tí kò ní òkun?

Burkina Faso kò ní òkun. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, irú èyí tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ àti ọtí tẹ̀lé èèyàn láti àárọ̀ di alẹ́, ní láti kọ́kọ́ gba Abidjan, Tema, Lomé tàbí Cotonou lọ.

Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní Ouagadougou lọ́jọ́ Ẹtì tàbí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kò sí ẹni tó máa sọ pé àwọn ará ìlú náà kò mọ fàájì. Alùpùpù á tò bẹẹrẹ níwájú àwọn ilé ọtí ìta gbangba tí wọ́n ń pè ní maquis, èéfín adìẹ sísun á gba ojú títì, ìgò ọtí Brakina tó tutù á sì wà lórí tábìlì.

Ṣùgbọ́n fàájì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikùn nìkan. Láti bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń jayé àti ẹni tó ń sanwó rẹ̀ ti bá wọn lé ààrẹ kúrò lórí oyè. Ológun ti fi òfin kónílé-ó-gbélé dè é. Àwọn agbésùnmọ̀mí ti gbé ìbọn wọ àárín àwọn tó ń jẹun. Ìjọba tó wà níbẹ̀ lónìí náà sì ń bù nínú owó ọtí fi jagun.

Kí ló wá sọ àwo oúnjẹ àti ìgò ọtí di nǹkan tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ ní olú ìlú Burkina Faso? Àlàyé rèé.

Kí ni wọ́n ń jẹ, kí ni wọ́n sì ń mu?

Ọmọ Yorùbá tó bá dé Ouagadougou kò ní ṣe àjèjì pẹ́ nídìí oúnjẹ. Tô tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun jéró, ọkà bàbà tàbí àgbàdo rò jọ túwó, ọbẹ̀ ilá tàbí ewé oṣè ni wọ́n sì sábà máa ń fi jẹ ẹ́. Soumbala tó ń ta sánsán nínú ọbẹ̀ wọn kì í ṣe nǹkan mìíràn bí kò ṣe irú. Aloco tí wọ́n ń dín lẹ́bàá ọ̀nà, dòdò náà ni.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni adìẹ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "poulet bicyclette", ìyẹn adìẹ kẹ̀kẹ́. Adìẹ tó ń jẹ káàkiri ìgboro abúlé ni, ẹran rẹ̀ le díẹ̀, ó sì dùn ju ti adìẹ àgọ́ lọ. Àwọn kan ní orí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n máa ń so wọ́n mọ́ wá sí ọjà ni orúkọ náà ti wá.

Ní ti ohun mímu, dolo ni àgbà. Ọtí ọkà bàbà ni. Wọ́n á rẹ ọkà náà títí tí yóò fi hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á wá fi ìwúkàrà sí i kó lè kan. Inú igbá ni wọ́n ti ń mu ún. Àwọn obìnrin ló ń pọn ọ́n, àwọn náà ló sì ń tà á.

Ẹni tí kò bá mu ọtí ní zoom-koom, tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun jéró, atalẹ̀ àti ajàgbọn ṣe, tàbí bissap, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní zobo. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Burkina Faso, síbẹ̀ Mùsùlùmí, Krìstẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ti ń jókòó ti ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́, kálukú pẹ̀lú ohun tó wà nínú ife tirẹ̀. Ìjókòó pọ̀ yẹn gan-an ni àwọn agbésùnmọ̀mí kò fẹ́ rí.

Ààrẹ tó gbafẹ́ nígbà tí òṣìṣẹ́ ń sunkún

Ìtàn tó yẹ kí gbogbo olóṣèlú ilẹ̀ Áfíríkà kà ni ti Maurice Yaméogo, ààrẹ àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè náà ní nígbà tó ṣì ń jẹ́ Upper Volta.

Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1965, Yaméogo ṣe ìgbéyàwó aláriwo pẹ̀lú ọmọge kan láti Ivory Coast. Lẹ́yìn ìgbéyàwó náà, tọkọtaya rin ìrìn àjò ìgbafẹ́ dé Brazil.

Kò pẹ́ tí wọ́n dé tí ìjọba fi sọ pé owó kò sí nílé mọ́, pé wọn yóò gé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ni ìlú bá gbaná. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kíní, ọdún 1966, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tú jáde sí ìgboro Ouagadougou. Lọ́jọ́ náà gan-an, Ọ̀gágun Sangoulé Lamizana gba ìjọba.

Kì í ṣe ìgbafẹ́ Yaméogo nìkan ló lé e lọ. Ìṣèlú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo àti àìsí owó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ará ìlú kò lè gbójú fò ni pé ẹni tó ní kí wọ́n fún ìgbànú kò fún tirẹ̀.

Thomas Sankara ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kan òun. Nígbà tó gba ìjọba ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1983, ó ta àwọn Mercedes ìjọba, ó sì ní kí àwọn mínísítà máa gun Renault 5. Ó ní kí aráàlú jẹ ohun tí wọ́n gbìn, kí wọ́n sì wọ aṣọ tí wọ́n hun fúnra wọn.

Àmọ́ àpá òdì kejì wà níbẹ̀. Òfin kónílé-ó-gbélé ìgbà ìjọba rẹ̀ dín fàájì òru kù, ó sì pa àwọn ẹgbẹ́ olórin tó ti ń ṣe dáadáa ní àwọn ọdún 1970 lára. Wọ́n pa Sankara ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún 1987, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ ṣì wà káàkiri Ouagadougou títí di òní.

Ọjọ́ tí ìbọn wọ ilé oúnjẹ

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 15, oṣù Kíní, ọdún 2016. Àwọn èèyàn ń jẹun ní ilé oúnjẹ Cappuccino lójú pópó Kwame Nkrumah nígbà tí àwọn agbébọn wọlé tọ̀ wọ́n. Wọ́n kọlu Hotel Splendid tó wà nítòsí náà.

Èèyàn 30 ló kú, láti orílẹ̀-èdè tó pọ̀. Lára wọn ni Leila Alaoui, ayàwòrán ọmọ Morocco àti Faransé, tó wà ní ìlú náà fún iṣẹ́. Ẹgbẹ́ al-Qaeda ti àríwá Áfíríkà ló ní àwọn ló ṣe é.

Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2017, Cappuccino tún ṣí ilẹ̀kùn. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹjọ, àwọn agbébọn mìíràn kọlu ilé oúnjẹ Aziz Istanbul, lójú pópó kan náà. Ó kéré tán, èèyàn 18 ló bá a lọ.

Kí ló dé tó jẹ́ ilé oúnjẹ? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ibẹ̀ kò ní odi bíi bárékè. Ìkejì ni pé ibẹ̀ ni ará ìlú àti àlejò ti ń pàdé. Ẹni tó bá pa èèyàn nídìí oúnjẹ fẹ́ kí gbogbo ìlú máa fura sí ara wọn, kí kálukú ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Láti ìgbà náà, àyẹ̀wò ara àti àpò lẹ́nu ọ̀nà ti di ohun tí èèyàn ń bá pàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì ńláńlá àti ilé oúnjẹ tí àlejò ń lọ. Ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n àwọn maquis kò tìtorí rẹ̀ pa rẹ́.

Bí oúnjẹ ṣe kó bá ìjọba ológun

Bí Ouagadougou ṣe ń jẹ adìẹ sísun, àwọn ìlú kan wà ní orílẹ̀-èdè kan náà tí ebi ń pa kú lọ. Djibo, ní àríwá, ni àpẹẹrẹ tó hàn jù.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni àwọn agbésùnmọ̀mí ti dí ọ̀nà tó wọ Djibo. Nígbà tó yá, ìròyìn jáde pé ewé ni àwọn kan ń já jẹ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún náà, wọ́n kọlu ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó ń kó ẹrù lọ sí Djibo ní Gaskindé. Wọ́n pa àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì dáná sun àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 30, Captain Ibrahim Traoré lé Paul-Henri Damiba kúrò lórí oyè. Damiba fúnra rẹ̀ kò tíì lo oṣù mẹ́sàn-án níbẹ̀.

Ohun tó so ọdún 1966 àti 2022 pọ̀ hàn gbangba. Nígbà méjèèjì, kì í ṣe pé àwọn kan ń gbafẹ́ ló bí ìlú nínú, bí kò ṣe pé àwọn tó wà lókè kò lè mú oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Ní oṣù Kẹta, ọdún 2023, iye tí ìjọba fi síta fi hàn pé àwọn tí ogun lé kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù méjì, nínú orílẹ̀-èdè tí àwọn èèyàn rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù ogún. Ìyẹn jẹ́ bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá.

Ta ló ń jẹ èrè fàájì Ouaga?

Àwọn kan lè sọ pé kí wọ́n ti gbogbo ilé ọtí títí ogun yóò fi parí. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ìjọba pàápàá ń jẹ níbẹ̀. Ní oṣù Kíní, ọdún 2023, ìjọba Traoré dá àpò owó kan sílẹ̀ láti fi ran ogun lọ́wọ́, pàápàá àwọn fijilanté tí wọ́n ń pè ní VDP. Lára ibi tí owó náà ti ń wá ni owó orí lórí ohun mímu àti sìgá. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá ra ìgò ọtí kan ní maquis ti dá owó ogun láìmọ̀.

Ìkejì, ẹ wo ọwọ́ tí owó náà ń gbà kọjá. Àgbẹ̀ ló gbin ọkà bàbà, ìyá olódolo ló rà á. Ará abúlé ló sin adìẹ, alágbàtà fi kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù gbé e wá, ọmọkùnrin tó ń sun ún lórí èédú sì ń fi owó rẹ̀ san owó ilé. Bí maquis kan bá tì, ebi rẹ̀ á dé abúlé.

Àmọ́ bí ọ̀nà abúlé kò bá dára, maquis náà kò ní rí adìẹ rà. Ìdí nìyí tí ogun tó wà ní ìgbèríko fi ń wọ inú àwo oúnjẹ ará ìgboro, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀.

Ǹjẹ́ àlejò ṣì ń lọ síbẹ̀?

Burkina Faso ní ohun tó yẹ kí àlejò rí. Nínú Ouagadougou fúnra rẹ̀, ọgbà Bangr-Weogo wà, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí igbó ìmọ̀. Ní Bazoulé, tí kò jìnnà sí olú ìlú, àwọn ará abúlé ń bá ọ̀nì gbé pọ̀ láìjà. Àwókù ìlú olódi Loropéni, ní gúúsù, ti wà lára ibi àjogúnbá àgbáyé UNESCO láti ọdún 2009.

Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà, Britain àti Faransé ti kìlọ̀ fún àwọn èèyàn wọn nípa lílọ sí orílẹ̀-èdè náà. Igbó ẹranko tó wà ní ààlà pẹ̀lú Benin àti Niger, tí àwọn arìnrìn-àjò ń lọ wo erin nígbà kan, ti di ibùba agbésùnmọ̀mí. Ní ọdún 2019, wọ́n jí ọmọ Faransé méjì gbé ní Pendjari, ní ilẹ̀ Benin, wọ́n sì pa ẹni tó ń mú wọn kiri. Burkina Faso ni àwọn ológun Faransé ti gbà wọ́n sílẹ̀.

Èyí ló fà á tí ìjọba fi ń wojú àwọn ọmọ Áfíríkà báyìí. Burkina Faso, Mali àti Niger kúrò nínú ECOWAS ní oṣù Kíní, ọdún 2025. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba kéde pé ọmọ Áfíríkà kò ní sanwó físà mọ́.

FESPACO, àjọ̀dún sinimá tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1969, ṣì ń wáyé ní ọdún méjì-méjì. Ọmọ Nàìjíríà, Newton Aduaka, gba ẹ̀bùn tó ga jù níbẹ̀ ní ọdún 2007 pẹ̀lú fíìmù rẹ̀, Ezra. Ní ọdún 2025, Dani Kouyaté ló gbà á, ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ Burkina Faso máa gbà á láti ọdún 1997.

Kí ló kù?

Ìdánwò tó wà níwájú ìjọba Traoré kì í ṣe bóyá àwọn ará Ouagadougou á máa gbafẹ́. Wọ́n gbafẹ́ lẹ́yìn ìkọlù 2016, wọ́n tún gbafẹ́ lẹ́yìn ti 2017.

Ohun tó yẹ kí a máa wò ni ọ̀nà. Bí ọkọ̀ oúnjẹ bá ń dé Djibo láìsí pé ológun ń sìn ín, tí adìẹ kẹ̀kẹ́ sì ń ti abúlé wọ ìlú láìsí ìbẹ̀rù, a jẹ́ pé owó ogun tí wọ́n ń yọ lára ìgò ọtí ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ló máa ṣẹ: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìjọba tó bá sì gbàgbé èyí ní Ouagadougou, ìtàn ti sọ bó ṣe máa ń parí.