Ère Tinúbú: Kó Dúró, Ṣùgbọ́n Kó Sọ Tẹnu Rẹ̀ Tán

Ará Ṣáṣá tó bá lọ nájà ní Ìsàlẹ̀ Èkó lè gba iwájú ère Ẹfúnróyè Tinúbú kọjá ní Ìta Tinúbú. Nígbà kan, wọ́n sọ ibẹ̀ ní Gbàgede Òmìnira, àmọ́ orúkọ obìnrin náà ló padà borí.

Àríyànjiyàn wà lórí ẹni tí wọ́n ń yẹ́ sí yìí. Ní Àgbádárìgì ló ti di olówó, tó ń fi ẹrú ṣe pàṣípààrọ̀ tábà àti iyọ̀. Nígbà tí Ọba Akítóyè tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní January 1852 láti fòpin sí òwò ẹrú l'Ékòó, wọ́n fẹ̀sùn kan Tinúbú pé kò jáwọ́.

Àmọ́ òun náà ló dojú kọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ gba ìlú mọ́ ọba lọ́wọ́, títí Benjamin Campbell, aṣojú wọn, fi rí sí i pé wọ́n lé e kúrò l'Ékòó ní 1856. Lẹ́yìn náà, ó kó ìbọn àti ẹ̀tù fún Ẹ̀gbá kí wọ́n lè kojú Dàhómì. Ní 1864, wọ́n fi jẹ Ìyálóde.

Àwọn tó ní kí ère bẹ́ẹ̀ kúrò ní gbangba rí àwíjàre. Ta ni yóò fẹ́ kí ọmọ ẹni tí wọ́n tà máa wo ẹni tó tà á lókè? Ṣùgbọ́n bí ère bá lọ, ìtàn ẹni tí wọ́n tà náà á bá a lọ. Ní ìlú Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n jiyàn títí lórí ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n kọ sídìí ère Edward Colston tó ta ẹrú. Wọn ò tíì fẹnu kò tí àwọn afẹ̀hónúhàn fi okùn wọ́ ọ lulẹ̀ ní June 2020, tí wọ́n sì tì í sódò.

Yorùbá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣèrántí ènìyàn láìpurọ́. Oríkì akíkanjú kì í bo ìlú tó fọ́ mọ́lẹ̀, kì í sì í fi àwọn tó kó lẹ́rú pamọ́. Ohun tó yẹ ère Tinúbú náà nìyẹn.

Kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó rí i dájú pé a kọ ọ́ sídìí ère náà, lédè Yorùbá, pé oníṣòwò ńlá ni, pé ó ta ènìyàn, pé ó kọ̀ fún òyìnbó, pé Ẹ̀gbá fi jẹ Ìyálóde. Ọmọ iléèwé tó bá ti Ṣáṣá wá á kà á, á sì dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀.