Ìràwé Kò Bàjẹ́

Ní Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bí ọyẹ́ bá mú, ìràwé a bo ilẹ̀ lábẹ́ kòkó àti obì. Bí òjò bá dé, a rọ̀, a sì máa wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àgbẹ̀ kò jẹ́ sọ pé ewé bẹ́ẹ̀ bàjẹ́. Ilẹ̀ ọlọ́ràá ni ó ń retí. Síbẹ̀, àwọn olùtúmọ̀ kan kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn lò fún un ju “ìbàjẹ́” lọ.

Àṣìlò gbáà ni. Ọbẹ̀ a máa bàjẹ́, ọkọ̀ a máa bàjẹ́, orúkọ ènìyàn pẹ̀lú a máa bàjẹ́. Nínú gbogbo wọn, ohun tí ó wúlò ni ó di aláìwúlò. “Ìjẹrà” sàn jù ú lọ, nítorí pé ìyípadà ara nǹkan ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó.

Nínú ìwé tí Swift, Heal àti Anderson gbé jáde ní 1979, iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n yà sọ́tọ̀. Omi òjò a fọ ohun tí ó lè yọ́ kúrò lára ewé. Ọ̀kùn, ikán àti ekòló a gé e, wọn a sì rún un wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹbí olú àti bakitéríà, tí ojú lásán kò lè rí, yóò tú èròjà rẹ̀ ká: apá kan a padà sínú afẹ́fẹ́, apá kan a di oúnjẹ fún gbòǹgbò, ìyókù a dúró sínú ilẹ̀. Àwọn iṣẹ́ yìí a máa wọnú ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. “Ìfọ̀yọ” yẹ èkíní, “ìrúnwẹ́” yẹ èkejì. “Ìtúpalẹ̀” ìbá yẹ ẹ̀kẹta, bí kì í bá ṣe pé àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti gbà á fún iṣẹ́ tiwọn. Kí “ìjẹrà” dúró síbẹ̀, kí “ìdilẹ̀” sì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹnikẹ́ni lè wí pé kì í ṣe gbogbo ewé ni ó ń di ilẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí èdè-ìperí tí ó lè ru gbogbo ẹrù ìmọ̀.

Ìyàtọ̀ yìí wúlò nínú Igbó Ọmọ, tí UNESCO kà mọ́ àwọn igbó àkànṣe rẹ̀ ní 1977. Níbẹ̀, oríṣiríṣi ewé ni ó ń wọ́ pọ̀ nínú igbó àdáyébá. Nínú oko gmelina tí a gbìn nítorí ilé-iṣẹ́ ìwé ti Ìwopin ní Ogun Waterside, ewé irú kan ni ó pọ̀ jù. Ewé tí èròjà tí ń mú igi le bá pọ̀ nínú rẹ̀ a máa pẹ́ nílẹ̀. Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe sọ ibi tí ìdádúró náà wà, bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá ni ó ní?

Láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ti Ifẹ̀ ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì. Ọmọ tí a kọ́ pé ewé bàjẹ́ yóò gbá a jọ, yóò sì sun ún. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú náítírójìn rẹ̀ a bá èéfín lọ. Eérú tí ó kù, òjò lè gbé e.

Ní ti ilẹ̀ dúdú tí ewé náà ń dà, kò sí ìdí láti yá ọ̀rọ̀ kankan. “Ilẹ̀dú” ti wà nílẹ̀.