Ẹ wo ògiri kí ẹ tó ra táìlì balùwẹ̀

Bí Iléyá tàbí Kérésì bá ti ń súnmọ́, àwọn ọmọ Kúta tó wà l'Ékòó àti n'Íbàdàn á bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé bàbá wọn ṣe. Balùwẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ wọ̀ wọ́n lójú. Wọ́n á ra táìlì, wọ́n á ra ṣáwà tó ń dán, wọ́n á wo fídíò méjì lórí YouTube, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é o. Ohun tí mò ń sọ ni pé táìlì ló yẹ kó gbẹ̀yìn, àwa la sọ ọ́ di àkọ́kọ́. Bó bá wá jẹ́ ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú, irú èyí tó ṣì wà káàkiri agbègbè Ìwó, ògiri lè tibẹ̀ wó lé èèyàn lórí.

"Ṣebí ilé yìí ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò wó." Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ẹni tó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wẹ̀ kì í lò ju nǹkan bí lítà 20 lọ, ike ló fi ń bù ú dà sára, ilẹ̀ ni omi náà ń lọ tààrà. Ṣáwà ńkọ́? Ká tiẹ̀ ní omi táǹkì yín ò lágbára, tó jẹ́ lítà 6 péré ló ń tú ní ìṣẹ́jú kan, ẹni tó bá wẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 ti lo lítà 60. Èèyàn márùn-ún nínú ilé, lítà 300 lójúmọ́. Òkè ni ṣáwà sì ti ń tú u, ara ògiri ló ń ta sí. Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn bàbá wa ń ṣe balùwẹ̀ sí, ọgbọ́n sì wà ńbẹ̀. Gbogbo ọgọ́ta ọdún tí ilé yẹn fi dúró, kì í ṣe ṣáwà ló ń bá jà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé táìlì ló ń dá omi dúró. Táìlì fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mumi lóòótọ́, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì funfun tí a fi ń dí àárín wọn ń mumi. Ihò tíntìntín ló kún inú rẹ̀, omi á máa gba ibẹ̀ wọlé bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni amọ̀ wà. Amọ̀ gbígbẹ le koko, torí pé àwọn ègé rẹ̀ wẹ́wẹ́ tó rí pẹlẹbẹ di ara wọn mú. Bí omi bá ti wọ àárín wọn, wọ́n á máa yọ̀ lórí ara wọn, ògiri tó ń gbé òrùlé á di ẹ̀bà. Ògiri amọ̀ tí òjò pa máa ń gbẹ padà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n èyí tí a fi sìmẹ́ǹtì bò níta, tí a tún fi táìlì bò nínú, ibo ni omi rẹ̀ fẹ́ gbà jáde? Ojú á máa dán, ìsàlẹ̀ á máa jẹrà.

Torí náà, ẹ fi ìka kan ògiri yẹn. Bó bá ń dún bí igbá òfìfo, tí ọ̀dà ń bó ní ìwọ̀n orúnkún, tí nǹkan funfun bí iyọ̀ ń yọ lára rẹ̀ (iyọ̀ ni lóòótọ́, omi ló gbé e jáde), ẹ gbàgbé táìlì ná. Tèmi ni pé kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ balùwẹ̀ mìíràn sí ẹ̀yìnkùlé. Tí kò bá ṣeé ṣe, nítorí ìyá àgbà tí ò lè máa jáde lóru, ẹ fi búlọ́ọ̀kù mọ ògiri mìíràn sínú, kí ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàrin òun àti ti amọ̀ kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀.

Iṣẹ́ ilẹ̀ ni ẹni tó bá ní sùúrù lè ṣe fúnra rẹ̀. Rọ́bà olómi tí àwọn bíríkìlà ń lò ti tó: omi ẹnu rẹ̀ méjèèjì máa ń dọ́gba níbikíbi tí ẹ bá gbé e sí. Ẹ fi wọn ilẹ̀ kó lè máa lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan, títí dé ojú ihò omi. Ẹ máa wọ́n omi sí sìmẹ́ǹtì tuntun náà fún ọjọ́ 7, pàápàá nígbà ọyẹ́. Sìmẹ́ǹtì kì í gbẹ bí aṣọ ṣe ń gbẹ. Òun àti omi ló ń para pọ̀ di òkúta. Lẹ́yìn náà, ẹ kun ọ̀dà tí omi kì í gbà kọjá, ẹ dí ihò, ẹ da omi sílẹ̀, ẹ wò ó di ọjọ́ kejì. Tí omi bá fà, ẹ má tíì lẹ táìlì kankan.

Iná ẹ̀rọ tó ń gbóná omi? Ẹ pe oníná. Ara tó tutù kì í dènà iná bí ara gbígbẹ.

Omi tó ń jáde, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí kànga, ó kéré tán mítà 30. Àwọn ìyá wa máa ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbi tí omi balùwẹ̀ ń dà sí. Gbòǹgbò rẹ̀ ń fa omi náà, ewé ńláńlá yẹn sì ń tú u sínú afẹ́fẹ́. Ẹ má gé e torí pé ẹ fẹ́ da kọnkéré síbẹ̀.