Iye Tí Tíṣà Kò Mọ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Tí a bá wọ láàbù kẹ́mísírì láti ṣe titration, kí ni a kọ́kọ́ máa ń bi ara wa? "Mélòó ni tíṣà rí?" Tí ẹnì kan bá ti gbọ́ pé 24.50 ni, tí tirẹ̀ sì jẹ́ 26.10, á rọra pa á rẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dá yàtọ̀, torí iye tí tíṣà rí ni WAEC máa fi wé tiwa.

Mo rò pé ó máa parí síbí ni. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ka kẹ́mísírì ní yunifásítì ló là mí lójú nígbà hólídè. Ó ní àwọn bí ogójì ló ń yí burette kan ká: ẹni méjì á ṣe é, àwọn yòókù á dà á kọ. Ó ti dé ọdún kẹta, kò tíì yẹ nǹkan kan wò rí tí ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Ẹ gbọ́ o!

Èrò tèmi ni pé kí wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní mẹ́rin-mẹ́rin, kí wọ́n fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti omi tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Omi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbí. Gbogbo àwa tá à ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì ní Elelenwo la mọ ohun tí omi borehole ń fi ojú aṣọ funfun rí. Irin wà nínú omi náà. Tó bá ń jáde, kò ní àwọ̀. Tí atẹ́gùn bá kàn án tán, á pọ́n bí irin tó dípẹtà. Báwo ni irin náà ṣe pọ̀ tó? Tíṣà kò mọ̀, ìwé kò mọ̀. Àwọn mẹ́rin yẹn ló máa pinnu ibi tí wọ́n á ti bu omi àti irú ìgò tí wọ́n á lò. Tí wọn kò bá kán ásíìdì díẹ̀ sínú ìgò, irin á ti sùn sísàlẹ̀ kí wọ́n tó dé láàbù. Tí ti ẹnì kan bá wá jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹnì kejì, ìjà dé nìyẹn. Ta ló fọ ìgò dáadáa? Ta ni kò mi ìgò kó tó bu tiẹ̀? Inú ìjà yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wà.

Ẹ rántí Ogale ní Eleme, kò jìnnà sí wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni UNEP gbé ìròyìn rẹ̀ lórí ilẹ̀ Ogoni jáde. Ní Nsisioken Ogale, wọ́n rí i pé àwọn ìdílé ń mu omi kànga tí benzene inú rẹ̀ lé ní ìlọ́po 900 ìwọ̀n tí WHO fi lélẹ̀. Benzene máa ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Imú lè gbọ́ òórùn, ṣùgbọ́n imú kò lè sọ pé 900. Rivers State University of Science and Technology bá UNEP ṣiṣẹ́ lórí pápá, àmọ́ Yúróòpù ni wọ́n kó omi àti erùpẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Mi ò bá UNEP jà. Ohun tó ń dùn mí ni pé omi wa ní láti wọ ọkọ̀ òfurufú ká tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Òótọ́ ni, burette kò lè rí benzene. Ẹ̀rọ olówó ńlá ló ń ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń bu omi sínú ìgò tó mọ́, ẹ̀rọ wo ló fẹ́ gbà á?

Wọ́n á ní iṣẹ́ ẹgbẹ́ ń bí ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ wà, àwa náà mọ ẹni tó máa ń sá lọ tí wọ́n bá ní ká fọ kọ́rídọ̀. Kí olùkọ́ kàn pe ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ kó wá ṣàlàyé gbogbo iṣẹ́ náà, kí máàkì rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni wọ́n máa jí i lóru!

Mo bẹ àwọn olùkọ́ kẹ́mísírì wa kí wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn ará Choba. Tí wọ́n bá ń wá omi tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn kíṣìnì wa wà níbẹ̀. Àwa SS2 á bá wọn gbé ìgò, kí wọ́n ṣáà mú èsì rẹ̀ padà wá kà fún wa.