Ìbéèrè Ẹnubodè Kọ́ Ló Ń Sọ Òṣìṣẹ́ Di Ọ̀kan

Ọjọ́ àkọ́kọ́ IT ni. A ò tíì mọ ibi tí a ó ti bu omi mu pàápàá. Wọ́n ní kí gbogbo wa jókòó yípo. Ọ̀gá tó ń darí ètò náà dúró láàárín, ó pàtẹ́wọ́, ó ní òun fẹ́ kí ara tu gbogbo wa. Ó ní kí olúkúlùkù dìde, kó sọ orúkọ rẹ̀, ibi tó ti wá, àti ohun kan nípa ara rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò mọ̀.

Ọ̀kan nínú wa dìde. Ó sọ orúkọ rẹ̀. Ó dárúkọ abúlé rẹ̀, abúlé kékeré kan tó sún mọ́ ààlà Bẹ̀nẹ̀ débi pé bí àkùkọ bá kọ ní òdìkejì, ẹ ó gbọ́ ọ. Kó tó dé orí ohun kẹta, ẹnì kan ti pariwo láti ẹ̀yìn: “Ọmọ onífàyàwọ́!” Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, nítorí kí ni ì bá tún ṣe? Láti ọjọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ ti di Fàyàwọ́, títí oṣù mẹ́fà wa fi pé.

Oko adìyẹ ni ibi iṣẹ́ náà, a ò ní dárúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹta, ọ̀rẹ́ wa yìí ló kọ́kọ́ rí i pé àgbàdo tí wọ́n fẹ́ lọ̀ fún oúnjẹ adìyẹ ti bu. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ó mọ àgbàdo ju gbogbo wa lọ. Kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tí a wá bi í pé kí ló dé tí kò sọ, èsì rẹ̀ ò gùn: “Ta ni yóò gbọ́ ti Fàyàwọ́?”

Nítorí èsì yẹn la ṣe ń kọ èyí. A ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó fẹ́ kí àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ mọra wọn. Ohun tí à ń bá jà ni àṣà tí wọ́n ń pè ní icebreaker, tó ti wọ ibi gbogbo báyìí, láti ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ títí dé ibi iṣẹ́. Orúkọ náà gan-an ti sọ pé kì í ṣe ilé wa ló ti wá. Yìnyín tó wà ní Ìlaròó àti Ayétòrò, inú kúlà àwọn tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló wà, wọn kì í sì í fi ìbéèrè fọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ wa ò lọ́jú pọ̀. Ìbéèrè kì í so ènìyàn pọ̀ bí ẹni tó ń béèrè kò bá kọ́kọ́ fi ti ara rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹni tí wọ́n ń bi kò sì láǹfààní láti dákẹ́. Bí méjèèjì yìí ò bá sí níbẹ̀, ìbéèrè ẹnubodè ni, bí wọ́n tilẹ̀ fi àtẹ́wọ́ àti ẹ̀rín gbé e kalẹ̀.

Ẹ̀yin tó ti gba ọ̀nà Ìlaròó sí Owódé dé Ìdírókò rí, ẹ mọ ohun tí à ń wí. Dírẹ́bà á yí ohùn rédíò sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan á tẹ orí bọ ojú fèrèsé: “Níbo lo ti ń bọ̀? Kí ló wà nínú àpò yẹn?” Òun ò ní sọ ibi tí òun ti ń bọ̀ fún ọ. Ìwọ náà ò lè ní “ẹ jẹ́ kí n má dáhùn ìyẹn.” Ohunkóhun tó o bá sì sọ, wọ́n lè tìtorí rẹ̀ ní kí o bọ́ọ́lẹ̀. Àwa ò tíì rí ẹni tó tipa ìbéèrè bẹ́ẹ̀ di ọ̀rẹ́ ẹni tó bi í.

Ní agbègbè wa, “níbo lo ti wá” kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Ní August 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilà gba àárín wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ẹbí kan náà ni wọ́n. Ní August 2019, ìjọba àpapọ̀ ti bodè. Ní November ọdún náà, àwọn aṣọ́bodè pàṣẹ pé wọn ò gbọdọ̀ gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tí kò tó kìlómítà 20 sí ààlà. Ó di April 2022 kí wọ́n tó ní kí wọ́n ṣí Ìdírókò padà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹni tí kò fọwọ́ kan àpò ìrẹsì ẹnikẹ́ni rí di ẹni tí wọ́n ń fura sí, torí orúkọ abúlé rẹ̀ nìkan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ẹ wá ní kó dìde níwájú ogún ènìyàn tí kò mọ̀ rí, kó sọ ibi tó ti wá, kí ara lè tù ú!

Àwọn tó fẹ́ràn icebreaker yóò ní ìwádìí wà lẹ́yìn àwọn. Òótọ́ ni, ìwádìí wà. Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa.

Ní 1997, Arthur Aron àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn tí kò mọra rí ṣe lè sún mọ́ra. Ìbéèrè 36 ni wọ́n lò. Ṣùgbọ́n méjì-méjì ni wọ́n jókòó, fún bí ìṣẹ́jú 45. Ìbéèrè náà bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó fúyẹ́, ó ń jinlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì ń dáhùn. Kò sí ọ̀gá tó dúró láàárín. Kò sí èrò tó ń wòran. Ohun tí àwọn tó gbé e wá sọ́dọ̀ wa ṣe ni pé wọ́n mú ìbéèrè, wọ́n fi ìdáhùn àjọṣe sílẹ̀.

Ní 1999, Amy Edmondson ti Harvard tẹ ìwádìí tó ṣe lórí ikọ̀ òṣìṣẹ́ 51 ní ilé iṣẹ́ kan jáde. Ohun tó rí ni pé ikọ̀ tó ń kọ́gbọ́n jù ni èyí tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ gbà pé wọn ò ní fi àwọn ṣẹ̀sín bí àwọn bá béèrè, bí àwọn bá jẹ́wọ́ àṣìṣe, tàbí bí àwọn bá ní “ẹ dúró ná, nǹkan ò lọ dáadáa níbí.” Nígbà tí Google náà wo àwọn ikọ̀ tirẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ohun kan náà ló gba iwájú. Kò sẹ́ni tó ní oúnjẹ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn jù ni kí wọ́n mọ̀. Ní oko adìyẹ wa, gbogbo wa la mọ oúnjẹ tí gbogbo wa fẹ́ràn jù. Síbẹ̀, ẹni tó rí i pé àgbàdo ti bu kò lè lanu.

Àwọn baba wa náà sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ara balẹ̀ mọ ènìyàn tipẹ́tipẹ́. Ẹ wo ìkíni. Bí o bá bá ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, “ẹ kú iṣẹ́” ni. Bó bá jókòó, “ẹ kú ìjókòó.” Ohun tí o rí pé ó ń ṣe lo fi kí i, o ò tú àpò rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà lo tó béèrè ilé àti ọmọ. Bí nǹkan ò bá sì dára nílé, ó lè dáhùn pé “a dúpẹ́,” kó parí síbẹ̀. Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló mọ̀ pé “a dúpẹ́” lè jẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n rọra tì. Kò sẹ́ni tí yóò jàn án mọ́ ọn lójú níwájú èrò.

Ẹ wo àlọ́ àpamọ̀. Ẹni tó ní “ààlọ́ o” ló ń gbé ọgbọ́n tirẹ̀ kalẹ̀. Bí o ò bá mọ ìdáhùn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àlọ́ ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ìlú baba rẹ. Ẹ sì wo àáró: lónìí gbogbo wa wà lóko tèmi, lọ́la a ó wà lóko tìrẹ. Ìdí ebè lo ti ń mọ̀ pé ẹ̀yìn ń dun lágbájá, pé ọmọ tàmẹ̀dù ò gbádùn. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dìde sọ ọ́.

A ò sọ pé gbogbo tiwa ló dára. “Ọmọ ta ni ọ́?” tí àgbà máa ń bi ọmọdé lè jẹ́ ìbéèrè ẹnubodè tiwa náà. Ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́, ẹni tó kéré jù ò gbọdọ̀ sọ pé àgbà ṣe àṣìṣe, bó ti wù kí wọ́n ti kíra wọn tó láàárọ̀. Nítorí náà, a ò ní kí ẹ da ti òyìnbó nù torí pé ti òyìnbó ni. Òṣùwọ̀n kan náà ni kí ẹ fi wọn méjèèjì: ṣé ẹni tó lágbára ló kọ́kọ́ sọ ti ara rẹ̀, àbí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́?

Ẹnìkan á ní, “Eré lásán ni, ẹ̀yin náà ẹ ti le jù.” A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Ẹni tó pariwo “ọmọ onífàyàwọ́” ti gbàgbé ká tó jẹun ọ̀sán. Ẹni tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀ gbé e fún oṣù mẹ́fà.

Ẹlòmíì á sọ ohun tó lágbára ju ìyẹn lọ: bí ẹ ò bá ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, onítìjú á jókòó sí igun, àwọn tó ti ilé ẹ̀kọ́ kan náà wá á máa dá ṣe tiwọn. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, a ti rí i. Ìdí nìyẹn tí a ò fi ní kí ẹ má ṣe nǹkan kan.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rẹ́ wa ṣe lanu níkẹyìn. Màmá kan tó ń kó ẹyin níbẹ̀ ló ṣe é. Ní oṣù karùn-ún, àwọn méjèèjì jọ ń to ẹyin sínú kíréètì. Màmá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ara wọn: pé aṣọ òkìrìkà làwọn ń tà ní Ìdírókò tẹ́lẹ̀, pé nígbà tí wọ́n ti bodè ni owó àwọn wọgbó, tí àwọn fi wá ń kó ẹyin ẹlẹ́yin. Wọn ò bi í ní nǹkan kan. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rẹ́ wa tó ní, “Màmá, ọdún yẹn lèmi náà fi ilé ìwé sílẹ̀ fún ìgbà kan. Ilé epo tí bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́ kógbá sílé.” Màmá ní, “Ọmọ mi, o mà kú ìrọ́jú o.” Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún Màmá pé omi ò dé ìlà kan nínú ilé adìyẹ. Màmá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, wọ́n sì tún un ṣe kí adìyẹ kankan tó kú. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Kí la wá ń fẹ́? Nǹkan mẹ́rin péré.

Àkọ́kọ́, kí ọ̀gá kọ́kọ́ dáhùn, kó sì jẹ́ ohun tó ní ìwúwo. Bí ọ̀gá oko adìyẹ bá ní, “Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo gbàgbé abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo sì jẹ gbèsè,” gbogbo yàrá ti mọ̀ pé a lè jẹ́wọ́ àṣìṣe níbẹ̀.

Èkejì, iṣẹ́ ni kí ẹ bi wá. Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe? Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù nínú iṣẹ́ yìí? Bí o bá rí ohun tó bàjẹ́, ta ló máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti sọ fún? Ká ní wọ́n bi ọ̀rẹ́ wa ní ohun tó mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, “àgbàdo” ni ì bá sọ.

Ẹ̀kẹta, kí ènìyàn lè fo ìbéèrè láìsọ ìdí, kí ẹnikẹ́ni má sì pa á lẹ́rìn-ín. Ìlú, ẹ̀sìn, iṣẹ́ òbí àti ibi tí a ti lo ìsinmi, ẹ mú wọn kúrò nínú ìjókòó àyíká pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ yóò sọ ọ́ bó bá tó àkókò.

Ẹ̀kẹrin, ẹ pín wa ní méjì-méjì, kí ẹ fún wa níṣẹ́ kékeré tí a ó jọ ṣe, kí ẹ tó ní ká sọ̀rọ̀. Ọwọ́ tó bá ti jọ gbé àpò oúnjẹ adìyẹ kò ní pẹ́ mọra.

Ẹ̀yin tó ti jáde, ẹ̀yin lẹ ń darí ìpàdé báyìí, ní Àgbárá, ní Ọ̀tà, ní Èkó, ní London. Láti 1973 ni SIWES ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́. Àwọn tó ń bọ̀ lọ́dọọdún ń dé pẹ̀lú ẹ̀rù àti ìmọ̀ tí ẹ ò tíì mọ̀ pé wọ́n ní. Ẹ má fi ọjọ́ àkọ́kọ́ pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

A ti ní kí ẹni tó ń béèrè kọ́kọ́ fi ti ara rẹ̀ sílẹ̀, kò sì yẹ kí a yọ ara wa sílẹ̀. Tiwa rèé: àwa náà wà nínú yàrá yẹn, a sì rẹ́rìn-ín. Àwa náà pè é ní Fàyàwọ́ títí ọjọ́ tí adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. A ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan. A mọ̀ pé “kò sí nǹkan” lè jẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n rọra tì, a ò sì kàn án mọ́.