Bọ́ọ̀lù àwọn ará Írẹ́lándì ní Bronx: àwa ọmọ Yorùbá ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Arsenal àti Chelsea tí ẹ máa ń torí ẹ̀ jà ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Írẹ́lándì ni, èyí tí wọ́n ń gbá ní Bronx wa níbí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wọ tọ́réènì nọ́ńbà 1 kọjá níbẹ̀ láìmọ̀. Tí ẹ bá tọ Broadway lọ dé òpópónà 240, ẹ máa rí pápá kan tí wọ́n ń pè ní Gaelic Park. Ọmọ Írẹ́lándì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú èmi àti ọmọ mi ọkùnrin débẹ̀. Àwọn bàbá arúgbó wà níbẹ̀, àwọn ìyá gbọ́mọ dání, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń sáré kiri, gbogbo wọn wọ aṣọ ìlú wọn. Ọmọ mi wò wọ́n títí, ló bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé, àwa ńkọ́, níbo la ti ń gbá tiwa? Mi ò rí èsì fún un. Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn, òun náà ló jẹ́ kí n gbé kálàmù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fẹ́ni tí kò mọ̀. Bọ́ọ̀lù yìí yàtọ̀ sí tiwa. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń gbá a lápá kan, tọwọ́ tẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gbá a. Òpó wọn dà bíi lẹ́tà H. Bó bá wọ inú àwọ̀n, póìntì mẹ́ta ni, bó bá gba orí igi kọjá, póìntì kan. Láti 2025, wọ́n ti ń fún ẹni tó bá gbá a láti ọ̀nà jíjìn kọjá orí igi ní méjì. Ẹgbẹ́ tó ń darí rẹ̀ ni GAA, tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú Thurles ní 1884, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso wọn, kí eré ìbílẹ̀ wọn má baà parun. Wọn kì í sanwó oṣù fún agbábọ́ọ̀lù kankan. Oníkálukú ló ní iṣẹ́ tó ń jẹ.

Ẹkùn mẹ́rin ni wọ́n pín ilẹ̀ wọn sí, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìdíje tirẹ̀ lọ́dọọdún. Èyí tó kàn wá ni Connacht, ní ìwọ̀-oòrùn. Káńtì márùn-ún ló wà níbẹ̀: Galway, Mayo, Roscommon, Sligo àti Leitrim, bí ìgbà tí a bá ní Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Èkìtì. Ife Nestor ni wọ́n ń dù.

Ibi tó yà mí lẹ́nu rèé o. Láti 1999, New York wà nínú ìdíje Connacht yẹn. Kì í ṣe eré ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ rárá. Lọ́dọọdún, ọ̀kan nínú àwọn káńtì márààrún máa ń wọ báàlù wá sí Bronx láti wá bá àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun figẹ̀ wọngẹ̀. London náà ti wà níbẹ̀ láti 1975. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ilé ló ń wá bá àwọn tó wà lẹ́yìn odi.

Kí ló fà á? Ìyàn ni. Láti 1845 dé 1852, ànàmọ́ bàjẹ́ mọ́ wọn lóko. Bíi mílíọ̀nù kan èèyàn kú, ó lé ní mílíọ̀nù kan tó ṣí lọ. Ní Leitrim nìkan, bíi 155,000 èèyàn ló wà ní 1841. Ní 2022, bíi 35,000 ni wọ́n kà. Ìlú tí ọmọ ẹ̀ ti tú ká báyẹn, tó bá ní òun ò ka àwọn tó lọ mọ́ tirẹ̀ mọ́, ta ló kù?

Ní 1947, tí ìyàn yẹn pé ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n kó àṣekágbá gbogbo Írẹ́lándì wá síbí. September 14 ni, ní Polo Grounds ní òkè Harlem, níbi tí àwọn ilé gogoro Polo Grounds Towers wà lónìí. Cavan fi póìntì mẹ́rin na Kerry lójú èrò tó tó bíi 35,000. Olórí ìlú New York nígbà náà, William O'Dwyer, ọmọ bíbí Mayo ni. Àwọn tó wà nílé gbọ́ gbogbo ẹ̀ lórí rédíò. Nígbà tí àkókò tí wọ́n sanwó fún fẹ́ tán, Michael O'Hehir tó ń ròyìn eré náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ pé kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i. Wọ́n sì fún un.

Ẹ má rò pé gbogbo ẹ̀ ló ń dùn o. Ọdún 1926 ni wọ́n ra ilẹ̀ Gaelic Park, kò pẹ́ tówó fi tán lọ́wọ́ wọn, tí ilẹ̀ sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Títí dòní, ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní 1970, ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n lu rẹfirí tó wá láti ilé ní àlùbolẹ̀, ilé sì fìyà jẹ New York. Ìjà tán, wọ́n tún parí ẹ̀.

Ti pé wọ́n ń fìdí rẹmi ńkọ́? Láti 1999, ọdún dé, wọ́n na New York. Ọdún mìíràn dé, wọ́n tún nà wọ́n. Ní 2016, póìntì kan ṣoṣo ni Roscommon fi là á. Ní 2018, Leitrim na New York ní póìntì kan lẹ́yìn àfikún àsìkò. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pa á tì. Ní April 15, 2023, Leitrim tún dé. Wọ́n gbá a títí, àfikún àsìkò parí, ọ̀mì ni, póìntì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó wá di pẹ́náritì, New York sì borí pẹ̀lú mẹ́ta sí méjì. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fi dúró de ọjọ́ yẹn! Nínú àwọn tó wọ aṣọ New York lọ́jọ́ náà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbí ni wọ́n bí wọn sí. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lọ sí Sligo, wọ́n sì nà wọ́n dáadáa. Kò já mọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀yin òbí, ibi tí mò ń lọ rèé. Kí là ń fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n fi máa mọ̀ pé ará ilé ni wọ́n? Òde àríyá ni. A ó gba gbọ̀ngàn, a ó ra aṣọ ẹbí, a ó náwó fún olórin, ilẹ̀ ó mọ́. Àwọn ọmọ á jókòó ní kọ̀rọ̀, wọ́n á máa tẹ fóònù. Mi ò ní kí ẹ má ṣe àríyá o, èmi náà ń jó. Ṣùgbọ́n òde àwa àgbà nìyẹn, kì í ṣe tàwọn ọmọ.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ rántí. Nígbà tí Ṣútìn Sítá gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976, tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbé irú ife bẹ́ẹ̀, ta ló ní láti kọ́ ọmọ Ìbàdàn pé ọmọ Ìbàdàn ni? Orúkọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Múdà Lawal ti ṣe iṣẹ́ yẹn. Bọ́ọ̀lù a máa mú ọmọ fẹ́ràn ìlú tí kò tíì rí rí.

Àwọn kan á ní, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé gbé ọmọ ẹ̀ lọ sílé. Àwọn Ìjẹ̀bú máa ń lọ fún Ojúde Ọba, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òdodo: mélòó nínú wa ló lè rówó báàlù èèyàn márùn-ún? Àwọn mélòó ni kò tíì ní ìwé ìgbélùú, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá jáde, wọn ò ní lè wọlé mọ́? Ọmọ irú wọn kò gbọdọ̀ torí ìyẹn di aláìnílé. Bí ọmọ ò bá lè lọ bá ilé, kí ilé wá bá ọmọ.

Àwọn mìíràn á ní ìwé la ní kí ọmọ wá kà, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Àárọ̀ Sátidé kan lọ́dún kò lè ba ìwé ẹnikẹ́ni jẹ́.

Nítorí náà, mo ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa nínú New York: Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ìbàdàn, Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀ṣà, gbogbo yín. Ẹ mú Sátidé kan nígbà ooru, kí ẹ má yí i padà. Ẹ gba ìwé àṣẹ pákì lọ́wọ́ ìjọba ìlú. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó ọmọ wá, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kí rẹfirí sọ Yorùbá, kí àwọn òbí fi Yorùbá pariwo. Kí orúkọ ọmọ tó bá borí dé ààfin ìlú bàbá ẹ̀, kí Kábíyèsí fi ohùn kí i lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan, kí àwọn ọmọ láti ilé wá bá wọn gbá a. Owó àríyá kan ṣoṣo tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ìjà ipò á wà, mo mọ̀. Tàwọn ará Írẹ́lándì náà wà. A lè pàdánù pápá, a lè gbá a fún ogún ọdún kí ilé tó kà wá sí. Ohun tí wọ́n fi ju wá lọ kò ju pé wọ́n ń padà wá lọ́dọọdún lọ.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Ọmọ mi ṣì ń dúró de èsì. Tiyín náà ń dúró, bí wọn ò bá tilẹ̀ tíì bèèrè. Ire o.